Kì í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Ń Yọ̀ Ló Ń Dì: Ẹ̀kọ́ Nípa Búrẹ́dì Tí Kò Ní Àlìkámà, Láti Ilé Ìdáná Kan ní Bẹ́yẹrúnká

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, pàápàá àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti ń retí kí n kọ nǹkan lórí ìjálá tàbí lórí ìhun gbólóhùn. Búrẹ́dì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni wọ́n: yọ̀, fà, ki, àti dì. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ní Bẹ́yẹrúnká ni mo ti kọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn, kì í ṣe nínú kíláàsì. Ìyàtọ̀ yẹn ló sì jẹ́ kí ọmọ kan rí búrẹ́dì jẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọmọ náà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé, ọmọ ọdún 8 sì ni. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 4 ni àwọn dókítà ti rí i pé ó ní àrùn tí wọ́n ń pè ní celiac. Bí ẹni tó ní àrùn yìí bá jẹ àlìkámà, ọkà báálì tàbí ọkà ráì, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dìde ogun sí ìfun rẹ̀. Inú á wú, ìgbẹ́ gbuuru á dé, oúnjẹ kò ní í ṣe é lóore, ọmọdé tó bá sì ní in lè má dàgbà bó ti yẹ. Kò sí oògùn rẹ̀ ju pé kí ó yàgò fún àwọn ọkà wọ̀nyí títí ayé. Dókítà ará Netherlands kan, Willem Dicke, ló fi hàn pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ọdún 1950 ló gbé iṣẹ́ ìwádìí oyè rẹ̀ jáde lórí rẹ̀. (Ẹni tó bá fura pé òun ní àrùn yìí, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò kí ó tó ṣíwọ́ jíjẹ àlìkámà. Bí ó bá ti ṣíwọ́ kí ó tó lọ, àyẹ̀wò náà lè má rí ohunkóhun.)

Àkókò ìsinmi ni wọ́n wá sílé, agboolé wa sì kún fún ọmọdé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Bẹ́yẹrúnká mọ bí òwúrọ̀ ibẹ̀ ti rí: àwọn tó ń kiri búrẹ́dì á ti máa kígbe kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ á máa fi owó sáré tẹ̀lé wọn. Gbogbo ọmọ agboolé á fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà, tiwa yìí á jókòó síbi kan, á máa wò wọ́n. Kò sunkún. Bó bá tilẹ̀ sunkún ni, ì bá sàn. Ìyá rẹ̀ gbé ìyẹ̀fun tí kò ní àlìkámà dání láti Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú funfun kan nínú ọ̀rá kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ xanthan gum. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rá náà fi tán. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà bi mí pé:

“Àkànní, kí ni lẹ́búlẹ́bú yẹn ń ṣe gan-an nínú oúnjẹ ọmọ yìí?”

Mo ní, “Ó ń jẹ́ kí ó fà ni, Màmá.”

“Kí ó fà? Ṣé torí kí nǹkan lè fà ni ẹ ṣe ń náwó ní ìlú òyìnbó? Mo ti ń ta ohun tó ń fà ní Ọjà'ba láti ìgbà tí ìyá rẹ ò tíì mọ̀ ọ́n rìn.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ewédú, ilá, òrúnlá àti àpọ̀n ni Ìyá Àgbà ń tà kí ẹsẹ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n tó lè dá wọn lóhùn dáadáa, ó di dandan kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí àlìkámà fúnra rẹ̀ ní tí àwọn ọkà tiwa kò ní.

Mo padà sí ọgbà Yunifásítì, mo bu fúláwà díẹ̀ nínú yàrá ọ̀rẹ́ mi, mo fi omi pò ó, mo sì ń fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ kò fi funfun mọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi dà bí rọ́bà. Bí mo bá fà á, á gùn. Bí mo bá fi sílẹ̀, á sún padà. Òun ni wọ́n ń pè ní gluten. Ará Ítálì kan, Jacopo Beccari, ti ṣe irú èyí, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1745. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ fi han Ìyá Àgbà ní ìta, níbi tí ọmọ náà kò sí. Wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. “Iṣan rẹ̀ nìyí,” ni wọ́n wí. N kò tíì rí onímọ̀ tó túmọ̀ gluten dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣan yìí ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwúkàrà bá ń tú afẹ́fẹ́ jáde nínú fúláwà tí a pò. Ó ń di afẹ́fẹ́ náà mú bí awọ ṣe ń di afẹ́fẹ́ mú nínú bọ́ọ̀lù. Ó ń fẹ̀, kò sì ń já. Bí iná bá wá mú un, á gan, búrẹ́dì á dúró. Ìyẹ̀fun gbágùúdá, ti ìrẹsì, ti àgbàdo àti ti ọkà bàbà kò ní irú iṣan bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á kàn gba inú wọn kọjá, ohun tí a bá sì yọ nínú ààrò á fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyanrìn tàbí kí ó le bí òkúta. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì aláìlálìkámà fi ń wá ohun tó lè dúró ní ipò iṣan náà. Àwọn kan ń lo guar, tí wọ́n ń rí láti inú hóró ẹ̀wà kan tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà àti Pakistan. Àwọn kan ń lo èèpo psyllium, ti Íńdíà náà ni. Xanthan tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò kò tilẹ̀ ti ara ewéko wá: kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń ba ewé kábéèjì jẹ́ ló ń ṣe é. Allene Jeanes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Peoria ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i fún oúnjẹ ní 1969. Ohun tó jẹ́ kí ó níyì ni pé iná kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀-ìṣe wa. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Àgbà pé kí ó “fà”, mo ti ṣì í sọ. Ọmọ Yorùbá tó mọ ọbẹ̀ í sè kì í da ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí pọ̀. Ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já dáadáa ń yọ̀, ọ̀fun ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ilá ń yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń yìn ín ni pé ó ń fà: bí a bá gbé ṣíbí sókè, okùn rẹ̀ á tẹ̀ lé ṣíbí. Gbẹ̀gìrì ki, kò yọ̀, kò sì fà. Ẹ̀kọ mímu náà ki nígbà tó bá gbóná, ṣùgbọ́n bí a bá pọ́n ọn sínú ewé tó sì tutù, ó dì, a lè tú ewé lára rẹ̀ kí ó dúró gedegbe. Ohun tó bá yọ̀ lè má fà, ohun tó bá fà lè má dì. Búrẹ́dì ń fẹ́ ohun tí yóò fà nígbà tó bá tutù, kí afẹ́fẹ́ má baà sá lọ, tí yóò sì dì nígbà tí iná bá mú un. N kò rí èyíkéyìí nínú igbá ọjà Ìyá Àgbà tó lè ṣe méjèèjì pa pọ̀ fún wa.

A dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó gbà bẹ́ẹ̀. Òrúnlá ni a fi bẹ̀rẹ̀. A lọ̀ ọ́, a rẹ ẹ́ sínú omi tútù, a fi omi náà po ìyẹ̀fun. Ó wú dáadáa lórí tábìlì débi pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tó wọ inú ààrò tí àárín rẹ̀ fi rì, tó sì jókòó bí ẹní tó sọ̀rètí nù. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ta ni ì í sè ilá pẹ́ lórí iná? Bó bá pẹ́, kò ní í fà mọ́.” Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yọ̀ nínú ilá jẹ́ okùn ṣúgà gígùn tí a so pọ̀, iná sì ń mú kí ó ṣàn bí omi. Ìmọ̀ yìí wà lọ́wọ́ gbogbo alásè ní Ìbàdàn, n kò kàn mọ̀ pé ó kan búrẹ́dì ni. Àṣìṣe mi kejì ni pé mo fi kán-ún díẹ̀ sí i, nítorí mo ti rí i pé wọ́n ń fi í sínú ewédú. Búrẹ́dì náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Ewédú tilẹ̀ burú ju òrúnlá lọ, nítorí àwọ̀ ewé rẹ̀ kò ṣe é fi pa mọ́. Ọmọ náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun kò jẹ koríko. Àpọ̀n dára díẹ̀ nítorí ó ń fara da iná jù wọ́n lọ. Àmọ́ ó ju ìdajì hóró àpọ̀n lọ tó jẹ́ ọ̀rá, ọ̀rá yẹn sì mú kí búrẹ́dì wúwo, kí ó sì máa rùn bí ọbẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo ti fẹ́ jáwọ́. Òjòjò ló mú mi ronú padà. Mo rí obìnrin kan tó ń dín in lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí Mápó, mo sì dúró wò ó. Ewùrà lásán ni ó rin, ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i, ó fi ọwọ́ lù ú títí ó fi hó, ó sì ń tọ́ ọ sínú epo. Kò fi ẹyin sí i, kò fi fúláwà sí i, síbẹ̀ kò tú ká. Ewùrà ní ohun tó ń yọ̀ tó sì ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra nígbà tó tutù. Ó tún ní sítáàṣì tó ń dì bí epo gbígbóná bá mú un. Ọ̀nà méjì ló ń gbà, kì í ṣe ọ̀kan. Àkàrà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé amúaradàgbà inú ẹ̀wà ló ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí alákàrà fi máa ń lu àkàrà rẹ̀ títí apá á fi máa ro ó. Ẹ̀yin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀ èdè, ẹ ṣàkíyèsí pé “àkàrà” ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún pe búrẹ́dì, ohun tó ń mú un wú ni wọ́n sì pè ní “ìwúkàrà”. Wọ́n fi orúkọ ohun tí kò ní gluten rárá sọ ohun tí gluten dá dúró. Àwọn kan ti sọ fún mi pé àṣìṣe ni. Èmi kò gbà. Ohun tó jọ ara wọn ni wọ́n rí: méjèèjì jẹ́ ìyẹ̀fun tó ti mu afẹ́fẹ́ yó.

Ọ̀ràn kí a ṣe búrẹ́dì láìsí àlìkámà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní 1987 ni ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, òfin náà sì wà títí di 1992. Àwọn tó dàgbà nígbà náà rántí bí búrẹ́dì ti wọ́n. Nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, ìjọba ní kí àwọn ọlọ́lọ fúláwà máa fi ìyẹ̀fun gbágùúdá ìdá 10 nínú 100 kún tiwọn. Ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1967, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lórí búrẹ́dì gbágùúdá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Owó àlìkámà ni gbogbo èyí dá lé, kì í ṣe àìsàn ẹnikẹ́ni. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ti Morton Satin, òṣìṣẹ́ àjọ FAO, tó kọ̀wé ní 1988 nípa búrẹ́dì tí kò ní àlìkámà rárá. Kò wá gọ́ọ̀mù kankan. Apá kan nínú ìyẹ̀fun gbágùúdá náà ni ó kọ́kọ́ sè di ohun tó ki, ó sì fi èyí po ìyókù. Nígbà tí mo ka èyí fún Ìyá Àgbà, wọ́n ní, “Ó ro ó bí ẹ̀kọ nìyẹn. Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?”

A wá fi ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. Ìyẹ̀fun gbágùúdá gíráàmù 300 ni a lò pẹ̀lú ti ìrẹsì gíráàmù 100. Kì í ṣe láfún o, nítorí láfún ti kan. Gbágùúdá tí kò korò ni a bó, a rin ín, a fún omi rẹ̀ gbẹ dáadáa nítorí oró inú rẹ̀, a sì sá a lọ́jọ́ kan náà. A bu gíráàmù 60 nínú rẹ̀, a fi omi mìlílítà 300 rò ó lórí iná títí ó fi ki tó sì ń dán. Nígbà tó lọ wọ́ọ́rọ́, a da ìyókù ìyẹ̀fun sí i, pẹ̀lú ìwúkàrà ṣíbí tíì kan, ẹyin méjì, òróró díẹ̀, ṣúgà àti iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni òrúnlá: ṣíbí tíì kan péré tí a rẹ sínú omi tútù mìlílítà 80, tí a sì sẹ́, kí èèpo àti hóró rẹ̀ má baà wọlé. Kò ṣe é fọwọ́ pò, ó rọ̀ bí àkàrà tí a fẹ́ dín, ṣíbí igi ni a fi lù ú. Òrúnlá di afẹ́fẹ́ mú títí ó fi wọ ààrò. Nígbà tí iná sọ òrúnlá di omi, ẹ̀kọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹyin náà sì ti gan. Ọ̀kan gbà á lọ́wọ́ ìkejì. Búrẹ́dì náà kò ga bí ti àlìkámà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ gé e, bọ́tà sì dúró lórí rẹ̀. Ọmọ náà jẹ ìdá mẹ́rin, ó sì gbé ọ̀kan jáde lọ jẹ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó bì, inú rẹ̀ wú, ìgbẹ́ gbuuru kò dá fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Ilá ni gbogbo ilé kọ́kọ́ dá lẹ́bi, Ìyá Àgbà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, ohun tí n kò rí rí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé níbo ni a ti lọ ìrẹsì. Ibi ẹ̀rọ kan ní àdúgbò ni mo gbé e lọ. Mo sáré padà lọ bi ọkùnrin tó ni ín bóyá ó ti lọ àlìkámà rí. Ó ní, “Ojoojúmọ́ ni,” nítorí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń fi rokà. Kò ṣẹ̀ mí, n kò sọ ohunkóhun fún un tẹ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun tó kù lára ẹ̀rọ láti ọwọ́ oníbàárà tó ṣáájú mi tó láti dá ìfun ọmọ yẹn láàmú. Èmi tí mo ti ka ìwé lórí Dicke àti Beccari, n kò ronú kan ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ yẹn, nínú odó tí kò tíì rí àlìkámà rí ni a ti ń gún ìrẹsì àti gbágùúdá wa, a sì ra kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tuntun ní Ọjà'ba tí a fi òwú pupa sí létí kí ẹnikẹ́ni má baà fi jọ fúláwà. Òrúnlá náà, odindi ni a ń rà, a kì í ra lílọ̀, nítorí a kò mọ ẹ̀rọ tó gbà kọjá. Nígbà tí ara ọmọ náà yá, a tún búrẹ́dì kan náà ṣe, òrúnlá kan náà sì wà nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, kò sí ohun tó ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn olùkọ́ wa. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. A kò lè dá a lẹ́bi pé kò wọ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ oúnjẹ ní Yorùbá, “gọ́ọ̀mù” nìkan kò tó, nítorí ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan. Mo dábàá “amúfà” fún irú òrúnlá, “amúki” fún irú àpọ̀n, “amúdì” fún irú ẹ̀kọ, ní àpẹẹrẹ “amúaradàgbà” tí a ti ń lò. Fún gluten, mo dábàá “iṣan ọkà”. Nígbà tí mo ka àwọn orúkọ yìí fún Ìyá Àgbà, wọ́n fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ àyàfi amúki. Wọ́n ní àpọ̀n tó bá ki láìfà, ẹni tó sè é ni kò mọ̀ ọ́n sè. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nílẹ̀ láàrin wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú odindi òrúnlá kóńgò méjì nínú àpótí rẹ̀. Ó kọ̀wé pé búrẹ́dì náà ń le ní ọjọ́ kejì, nítorí náà kékeré kékeré ni òun ń ṣe é, òun sì ń tún un yan kí ọmọ tó lọ sílé ìwé.